Àdúrà Kì í Ṣe Owó Ọjà

Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, Port Harcourt ti ń gbàdúrà. Ní Diobu, ní Mile 3, ní Rumuola, ẹni tó bá tètè jí yóò gbọ́ ohùn ajíhìnrere tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu lójú títì, yóò gbọ́ ìyá kan ní yàrá kejì tó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ tí wọ́n ń wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn délé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi ìlú náà ṣe ilé, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo, olùkọ́, pásítọ̀, kò gbẹ́yìn. Bíbélì á ti wà lórí tábìlì, ìwé ìfọkànsìn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá á ka ẹsẹ tọjọ́ náà, ìyá á dárin, àwọn ọmọ á máa tòògbé. Bí wọ́n bá ṣàmín tán tí wọ́n ṣí fèrèsé, ẹni tó bá fi ìka nu etí fèrèsé náà yóò rí dúdú lọ́wọ́. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú yìí ti ń bà lé ìlú náà. Ó ń wá láti inú igbó tí àwọn èèyàn ti ń se epo rọ̀bì láìgbàṣẹ, ó sì ń wá láti ibi tí àwọn agbófinró ti ń dáná sun epo tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń tọrọ ìlera ní Port Harcourt mọ ohun tó ń sọ.

Ohun yòókù tí wọ́n ń tọrọ kò ṣòro láti mọ̀: iṣẹ́, kọ́ńtíráàtì, físà, owó ilé, ọmọ, ààbò lọ́wọ́ ajínigbé. N kò ní bá ẹni tó ń tọrọ jà. Jésù fúnra rẹ̀ fi oúnjẹ òòjọ́ sínú àdúrà tó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tí ebi kò pa rí ló lè fojú tín-ín-rín ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2022, àwọn tó jí lọ sí Polo Club ní GRA Port Harcourt nítorí oúnjẹ àti ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ tí ìjọ kan fẹ́ pín tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì. Èèyàn 31 ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ fún ará Port Harcourt pé kó má fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ yọ Ọlọ́run lẹ́nu?

Ìṣirò tó fara pamọ́ sábẹ́ ìtọrọ náà ló ń kọ mí lóminú. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, mo san ìdámẹ́wàá, mo gbin irúgbìn, mo ṣe àìsùn, kí ló wá dé? Ẹni tó bá ń sọ báyìí ti sọ àdúrà di owó ọjà: ó ti kà á tán, ó ti fi lé ọlọ́jà lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ kejì kó gba ẹrù rẹ̀. Bí ẹrù bá dé, Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dé, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá owó kò pé, bóyá ọlọ́jà kò ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín 2014 sí 2016, tí ilé-iṣẹ́ epo ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ẹni tó ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló fún òun níṣẹ́ wá bá ara rẹ̀ níbi tó ṣòro. Ṣé ìfẹ́ náà ti tán ni?

Ìwé ìfọkànsìn tó wà lórí tábìlì yẹn kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìbéèrè. Ní Herrnhut, ní ilẹ̀ Jámánì, ọdún 1728 ni ìjòyè kan tó ń jẹ́ Zinzendorf bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará Moravia tó sá wá bá a nítorí inúnibíni ní ọ̀rọ̀ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì mú un káàkiri láti ilé dé ilé. Ní 1731 wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ìwé náà kò sì dáwọ́ dúró títí di òní. Ọ̀rọ̀ nìkan ni: Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ìwọ gbọ́, o gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́. Scripture Union náà bẹ̀rẹ̀ káàdì ìwé kíkà rẹ̀ ní 1879, nígbà tó sì di pé ogun Biafra parí ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yìí ló tan ìsọjí káàkiri ìlà oòrùn, débi pé wọ́n ń pe ẹni tó bá mú ẹ̀sìn le ní “S.U.” títí di báyìí. Lóde òní, *Open Heavens* ti Pásítọ̀ Adéboyè ti ìjọ RCCG wà ní ilé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìjọ mìíràn. N kò bá àwọn ìwé náà jà, mo ń kà wọ́n. Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ti kókó àdúrà tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń sáré ka ẹsẹ Bíbélì kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibẹ̀. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án léèrè ohun tí wọ́n kà láàárọ̀; kò ní rántí ẹsẹ, ṣùgbọ́n yóò ka kókó kẹta àti ìkẹrin fún yín láìwòwé.

Kí Port Harcourt tó wà láyé ni àdúrà ti wà lórí omi tó yí i ká. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dé Bonny, ìlú etí òkun tó ti fi òwò ẹrú là kó tó wá fi òwò epo pupa là. Awọ́nríwọ́n ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á. Ní ọjọ́ Àjíǹde 1867, Ọba George Pepple kéde pé awọ́nríwọ́n kì í ṣe òrìṣà Bonny mọ́. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn ìkéde yìí. Èmi fẹ́ràn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jù ú lọ, nítorí kì í ṣe ọba ló ṣe é.

Ẹrú kan wà tó ń jẹ́ Joshua, ẹrú Captain Hart, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ńlá Bonny. Ní 1875, nígbà tí inúnibíni dé sí àwọn onígbàgbọ́, wọ́n gbé oúnjẹ tí wọ́n fi bọ òrìṣà fún un pé kó jẹ ẹ́. Ó ní iṣẹ́ yòówù tí olówó òun bá gbé fún òun, bó ti wù kó wúwo tó, òun á ṣe é, ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí òun kò ní jẹ ẹ́. Wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì jù ú sódò. Wọ́n tún fà á jáde, wọ́n tún bi í bóyá ó ti yí ọkàn padà, ó tún kọ̀, wọ́n sì pa á. Ìtàn tí ìjọ rẹ̀ fi lélẹ̀ ni pé ó ń tọrọ ìdáríjì fún àwọn tó ń pa á. Wọ́n sì tún sọ pé nígbà tí Captain Hart fúnra rẹ̀ ń kú lọ, ó ní kí wọ́n kó àwọn òrìṣà òun dà nù.

Ẹ gbé ìṣirò ọjà lé orí Joshua wò. Kí ló fi àdúrà rà? Kò rí ẹ̀mí rẹ̀ rà, kò sì rí òmìnira rà. Olówó rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n òun ti wà nísàlẹ̀ odò nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó wà ní Bonny lọ́jọ́ náà, òun ló yẹ kó mọ ọjà jù, nítorí pé ọjà ni wọ́n ka òun fúnra rẹ̀ sí. Ó mọ iye tí èèyàn ń tà. Ohun tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Stephen ni pé Ẹnìkan wà tó fẹ́ràn òun láìdá iye lé òun, ó sì gbà á gbọ́ débi pé nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, kò bá Ẹni náà dúnàádúrà.

Ìtàn kejì súnmọ́ Port Harcourt ju Bonny lọ, ó sì kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bakana jẹ́ ìlú Kàlàbárì tí omi nìkan ló wà láàárín òun àti Port Harcourt. Ibẹ̀ ni Garrick Sokari Braide ti ń pẹja, tó sì ń ṣòwò kékeré. Èdè Ìgbò, tí kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ló fi kọ́ katikísìmù, nítorí òun ni wọ́n ń lò nínú ìjọ Áńgílíkà St Andrew níbẹ̀. Ó ṣèrìbọmi ní 1910, bíṣọ́ọ̀bù sì gbọ́wọ́ lé e lórí ní 1912. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ọn ni pé bí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo èèyàn lọ sùn, òun á wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, á kúnlẹ̀, á sì máa tọrọ ìdáríjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí olórin níbẹ̀, kò sí gbohùngbohùn. Nígbà míì ó lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 1915, ìròyìn rẹ̀ ti kan gbogbo Delta. Ó ń gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n ń dìde. Ó ní kí wọ́n kó oògùn àti ère dànù, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ọtí líle. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àkókò kan náà, lódìkejì omi, ìjọba Lugard ń kọ́ èbúté tuntun kan tí wọ́n sọ ní Port Harcourt ní 1913, orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ àmúsìn ní London. Wọ́n kọ́ ọ nítorí èédú Enugu, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé ibẹ̀ ní 1916. Owó orí ọtí tó ń wọlé láti òkèèrè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba fi ń jẹun nígbà náà. Ẹ ò rí i: ọ̀kan ń kọ́ ọjà, èkejì ń gbàdúrà tó ń ba ọjà jẹ́. Ní 1916 wọ́n mú Braide, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e lórí ńkọ́? James Johnson ni, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní “Holy Johnson”. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oko ẹrú ló bí i, ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ló wà lára rẹ̀. Òun ni àlùfáà St Paul’s Breadfruit l’Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n máa fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣèrìbọmi fún ọmọ wa, òun ló ń bá àwọn òyìnbó jà pé ọmọ Áfíríkà tó láti darí ìjọ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó di Braide mú, òun ni. Ṣùgbọ́n ó kọ̀yìn sí i. Ó gbọ́ pé àwọn èèyàn ń pe Braide ní Èlíjà kejì, ó gbọ́ pé wọ́n ń mu omi tó fi wẹ̀ kí ara wọn lè yá, ara rẹ̀ sì bù máṣọ.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, n kò lè dá bíṣọ́ọ̀bù lẹ́bi pátápátá. Ọ̀rọ̀ omi yẹn, òun ló tọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé omi délé tó gbà pé inú omi ni agbára wà ti rí ohun tí yóò fi dípò Ọlọ́run, ó sì lè pa Ọlọ́run tì títí omi á fi tán. Ṣùgbọ́n Johnson ti dàgbà, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dáadáa, kò ráyè rí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn omi náà, ọkùnrin tó ti kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà kú ní 1917. Braide jáde lẹ́wọ̀n, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá 1918. Àwọn tó tẹ̀lé e dá Christ Army Church sílẹ̀, ìjọ náà ṣì wà ní Delta lónìí.

Ní ọdún tí Braide kú yẹn gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku dé Ìjẹ̀bú-Òde, tí Ṣàdárè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ St Saviour bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà ti ṣẹ̀. Ní 1930 wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbé agogo dé Òkè-Oòyè ní Iléṣà, omi tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, omi ìyè. Ní 1932, ní Benin, òun náà lọ sẹ́wọ̀n. Ó ń ṣe mí bíi pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ì bá yà sẹ́yìn bí wọ́n bá rí i pé irú omi tí àwọn ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti wá ní iye owó lára ike lónìí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni àdúrà ti dojú kọ ohun tó le. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2005, ọjọ́ Sátidé, bàálù Sosoliso gbéra láti Abuja. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College tó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì wà nínú wọn, àwọn òbí wọn sì ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt tí wọ́n ń dúró dè wọ́n. Bàálù náà já lulẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbiná. Èèyàn 108 ló kú, 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo yẹn. Pásítọ̀ Bímbọ́ Ọdúkọ̀yà ti ìjọ Fountain of Life l’Ékòó, tí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, bá ìjàǹbá náà lọ.

Kò sí ìyá kan nínú àwọn tó dúró ní pápákọ̀ yẹn tí kò gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àdúrà pé kí ọmọ dé láyọ̀ wà lára èyí tí ẹnu wa fi ń jí. Ibí ni ẹ̀rí tí a ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń já wa kulẹ̀. A máa ń sọ pé, “Ọkọ̀ dànù, gbogbo wọn kú, èmi nìkan ni Ọlọ́run yọ, nítorí ó fẹ́ràn mi.” Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní èrò búburú lọ́kàn, ọpẹ́ ló ń dá. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó kú wà nínú ìjọ kan náà, lórí àga kẹta, ó ń gbọ́. Kí ni kó rò nípa ìfẹ́ Ọlọ́run sí ọmọ tirẹ̀? Ọmọ yẹn náà gbààwẹ̀, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ka ẹsẹ tọjọ́ náà. Bí ìfẹ́ Ọlọ́run bá jẹ́ ohun tí à ń fi yíyọ nínú ewu mọ̀, a jẹ́ pé 108 ni kò fẹ́ràn nínú bàálù yẹn. Èmi kò lè gba irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ gbọ́, Joshua ti Bonny náà kò sì mọ irú rẹ̀.

Kechi Okwuchi, ọmọ ọdún 16, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó là á já. Iná jó o gan-an, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un kò níye. Ó lọ sí yunifásítì ní Houston, ní 2017 ó sì kọrin níwájú gbogbo ayé nínú ìdíje *America’s Got Talent* títí tó fi dé ìparí. Àwọn àlùfáà Jesuit ní tiwọn kọ́ ilé-ìwé kan sí Mbodo-Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, tó ṣí ní 2013. Jesuit Memorial College ni wọ́n sọ ọ́, ní ìrántí àwọn 60 náà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ìrètí bíi pé ẹ̀rín músẹ́ ni, ilé-ìwé yìí ni mo máa ń rántí. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ ti pin kì í ra símẹ́ǹtì láti kọ́ ilé-ìwé, pàápàá kó wá kọ́ ọ nítòsí pápákọ̀ kan náà.

Nínú ìwé Ìhìn Rere, ohun kan wà tí a máa ń kà kọjá. Nígbà tí Jésù ti inú odò Jọ́dánì jáde, ohùn wá láti ọ̀run pé Ọmọ àyànfẹ́ nìyí, inú Baba sì dùn sí i. Kí ni Jésù ti ṣe títí di ìgbà yẹn? Kò tíì wo adẹ́tẹ̀ kankan sàn, kò tíì sọ omi di wáìnì, kò tíì gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ nínú aginjù. Ìfẹ́ ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan náà ló wá bẹ Baba lẹ́ẹ̀mẹta ní Gẹtisémánì pé kí ife náà kọjá, ife náà kò sì kọjá. Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi dá a lóhùn, ẹ̀gún sì wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín tí kò tó ni kò jẹ́ kí ẹ rí ìdáhùn, ẹ bi í bóyá ìgbàgbọ́ ti Gẹtisémánì náà kò tó.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn bàbá àti ìyá tó ń darí àdúrà òwúrọ̀, ní Port Harcourt àti níbi gbogbo. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó dé kókó àdúrà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ ohun kan tí ẹ tọrọ tí ẹ kò rí gbà. Ẹ má ṣe lọ́ ọ, ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ́ kankan dì í lẹ́yìn. Ẹ dárúkọ rẹ̀: iṣẹ́ tí wọn kò gbà yín sí, àbúrò tó kú nígbà tí gbogbo ilé ń gbààwẹ̀ fún un, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kan náà, bí ẹ bá lè ṣe é láàárọ̀ yẹn. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé ẹ jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó ń tòògbé tẹ́lẹ̀ á jí, á sì béèrè ọ̀rọ̀. Kí ẹ dá a lóhùn bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tó, kí ẹ tó wá ka kókó àdúrà, bí àkókò bá kù kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó dé.